Mo Wà Níbẹ̀, Mi Ò Rí I

Ní àdúgbò wa ní Lawanson, bí awuyewuye bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí. Kì í ṣe pé mo mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ bàtà àwọn tó ń gbá a ni mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ mí di ẹni àpọ́nlé: "Mo wà ní pápá lọ́jọ́ Ikpeba." Ní Sùúrùlérè, bí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, yóò sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì.

Kí àwọn ọmọdé lè bá wa lọ: ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kejì, ọdún 2000, ni àwa ọmọ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní National Stadium níbí. Ó di 2-2, àfikún àkókò kò yanjú rẹ̀, ó bá di pẹ́nárítì. Kanu pàdánù tirẹ̀. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù bá ọ̀pá òkè, ó já bọ́ sẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà sínú pápá. Mourad Daami, rẹfirí ará Túnísíà, ní kò wọlé. Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn, Kamẹrúùnù fi 4-3 gbé ife lọ lójú wa. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tún un ṣe, gbogbo ayé rí i pé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé. Ẹ̀rọ tó ń sọ fún rẹfirí pé bọ́ọ̀lù ti ré ìlà kọjá kò tíì sí nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n fi irú rẹ̀ jẹ Lampard àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì níyà lọ́dún 2010 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù tó ta jí. Tiwa kò ká wọn lára.

Èmi ńkọ́? Níbo ni mo wà?

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì wọlé. Pópúlà sáìdì ni mo jókòó sí. Ní ìṣẹ́jú 26, Eto'o, ọmọ ọdún méjìdínlógún lásán-làsàn, gbá ọ̀kan wọlé. Ní ìṣẹ́jú 31, M'Boma fi ìkejì lé e. Mo dìde. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé ẹni tó bá gbọ́n á tètè wá dánfó kí èrò tó tú jáde. Nígbà tí mo dé géètì, mo fa tíkẹ́ẹ̀tì mi ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú ọlọ́pàá, kó lè mọ̀ pé inú ń bí mi.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí ariwo fi sọ lẹ́yìn mi. Raphael Chukwu ti dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ ìsinmi. Mo sáré padà. Ọlọ́pàá wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, tíkẹ́ẹ̀tì yín nìyẹn o. Ẹ ṣà á." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣà á. Mo ti rí orúkọ ìdíje, mo ti rí ìdajì nọ́ńbà, ìdajì yòókù ni mo ń wá lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ìyá ẹlẹ́pà nígbà tí Okocha gbá ìkejì wọlé. Ilẹ̀ mì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí mo ṣe "wo" gòólù Okocha nìyẹn: orí ìkúnlẹ̀, èèpo ẹ̀pà lójú mi.

Rédíò onísùyà kan lẹ́yìn ògiri ni mo fi gbọ́ ìyókù. Nígbà tó kan Ikpeba, ariwo bo rédíò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi ń jó, ẹni tó wà lósì mi káwọ́ lérí. Mo jó díẹ̀, mo káwọ́ lérí díẹ̀, mo dúró de èyí tó máa borí.

Irọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí irọ́. Mo wà ní pápá lóòótọ́, bí a bá ka ìta géètì mọ́ pápá. Àmọ́ ọdọọdún ni àga mi ń rìn. Láti pópúlà sáìdì ó dé ẹ̀yìn gòólù, láti ẹ̀yìn gòólù ó dé ìlà gan-an, tí mo fi lè sọ fún ènìyàn iye ìka tí bọ́ọ̀lù fi ré kọjá. Mo máa ń fi ìka náà hàn wọ́n.

Ẹni tó bá sì ti jẹ́rìí tán, kóòṣì ló kù kó dà. Lóṣù Kìíní ọdún 2024, tí ìdíje náà wà ní Ivory Coast, José Peseiro, kóòṣì wa, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, Equatorial Guinea bá a gbá 1-1. Ló bá yí i padà, ó fi Troost-Ekong, Ajayi àti Bassey há àárín ẹ̀yìn, ẹni mẹ́ta. Mo ní ojo ni. Mo ní Westerhof, kóòṣì wa àtijọ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1994. Níwájú ìsọ̀ ìyá oníminírà, mo fi ìdérí ìgò to ẹgbẹ́ tèmi sórí bẹ́ǹṣì: ìdérí Fanta ni Lookman, ìdérí màltì ni Osimhen, atamátàsé méjì níwájú, kí wọ́n lọ yà wọ́n lẹ́nu. Ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà kan, tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹfirí lópin ọ̀sẹ̀, dúró wò ó títí. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú o. Ẹni méjìlá ni tiyín." Mo kà á. Méjìlá ni.

Peseiro fi ẹni mẹ́ta lẹ́yìn gbá Ivory Coast, Guinea-Bissau, Kamẹrúùnù àti Àǹgólà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí àwọ̀n wa. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣàlàyé ìdí tí yóò fi bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ó wá di Ọjọ́rú, 7 oṣù Kejì. South Africa la fẹ́ bá gbá ní Bouaké, ẹni tó bá borí yóò dé àṣekágbá. A kún ilé ìwòran kan lọ́nà Itire fọ́fọ́, jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn, gbogbo wa ń làágùn. Troost-Ekong gbá pẹ́nárítì wọlé ní ìṣẹ́jú 67. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Osimhen fi ìkejì kún un. Ẹ̀mí gbé mi. Mo gun bẹ́ǹṣì, mo pariwo pé, "Kíréètì mínírà kan fún gbogbo ilé, ọrùn mi ni!"

Àṣé ìyá oníminírà ti mú ohun ìṣígò dání. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣí i tán.

Ìgbà náà la rí Amin Omar, rẹfirí ará Íjíbítì, tó fọwọ́ di etí. Ó lọ síbi tẹlifíṣọ̀n ẹ̀bá pápá. Wọ́n ní kí gòólù yẹn tó wọlé, Alhassan Yusuf ti fẹsẹ̀ kọ́ Percy Tau nínú àgbègbè pẹ́nárítì tiwa lọ́hùn-ún.

"Kò ṣeé ṣe!" ni mo wí. "Òfin wo nìyẹn? Gòólù ti wọlé níhìn-ín, ẹ wá ń wá pẹ́nárítì lọ́hùn-ún?"

Ọmọ fọkanáísà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa padà sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò kà mọ́, àfi káàdì fún ìwà ìpáǹle. Káàdì kì í nù."

Mi ò lè jẹ́ kí ọmọdé kọ́ mi lófin. Mo fa ìbọn mi yọ: mo ní mo mọ ìrẹ́jẹ bí mo bá rí i, nítorí ojú mi kòrókòró ni Ikpeba ṣe gbá tirẹ̀, ẹ̀yìn gòólù gan-an ni mo wà.

Bàbá kan tó dé fìlà abetí ajá, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, yíjú sí mi. "O wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Nígbà tó bá ọ̀pá tán, ibo ni bọ́ọ̀lù gbà?"

"Ó wọ inú àwọ̀n tààrà, sà! Àwọ̀n mì!"

Bàbá mi orí. "Ọmọ mi, bó bá wọ inú àwọ̀n, kí la wá ń bá rẹfirí jà sí?"

Rẹfirí Bouaké ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Àwọn ará ilé ìwòran fi tiwọn sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò. Mo wá ohun tí mo máa sọ, ẹnu mi gbẹ, mo sì wà láàárín ìgò mínírà tí mo fẹ́ sanwó rẹ̀, tí wọn ò mú ọ̀kan fún mi nínú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì, mo sọ ti ẹ̀pà, mo sọ ti onísùyà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i nígbà tí Mokoena gbá pẹ́nárítì náà wọlé. Bó ṣe di 1-1 nìyẹn, ní ìṣẹ́jú 90.

Àfikún àkókò kọjá. Nínú pẹ́nárítì, Nwabali mú ti Mokoena, ó mú ti Makgopa. Ola Aina gbá tirẹ̀ sójú ọ̀run, mi ò sọ nǹkan kan. Iheanacho parí rẹ̀, 4-2, ilé dàrú. Nígbà tí ara rọlẹ̀, ìyá oníminírà dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé òfin. Lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ Yusuf ni mo ṣèlérí yẹn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ kò kà."

Gbogbo ilé wo ọmọ fọkanáísà. Ó ro ó díẹ̀. Ó ní, "Ìlérí yẹn ti nù lóòótọ́. Àmọ́ irọ́ pípa fún àgbàlagbà, ìwà ìpáǹle ni. Káàdì nìyẹn, Kóòṣì, kì í nù. Kíréètì kan."

Bàbá onífìlà ní ẹjọ́ náà tọ́. Mo fa fóònù yọ, mo tẹ owó náà ránṣẹ́ sí i. Nẹ́tíwọọ̀kì yí títí, kò lọ. Wọ́n ní kí n tún un gbá.