Ẹ Sún Mọ́ Mi, Kí N Sọ Ti Cheshire

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iwájú Oluyole Cheshire Home kọjá n'Ìbàdàn, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Cheshire? Ẹ má purọ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ bàálù ogun ni o! Ẹni tó fi bọ́ǹbù tú ìlú onílùú ká, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìtọ́jú aláàbọ̀ ara. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, Ìyá Ràṣí, ẹ fa àpótí yẹn fún mi.

Ọdún 1917 ni wọ́n bí Leonard Cheshire. Ọmọ ilé ire ni. Bàbá rẹ̀, Geoffrey, wà lára àwọn tó kọ ìwé òfin táwọn lọ́yà wa fi ń kàwé. Bí lọ́yà yín bá lóun ò gbọ́ orúkọ Cheshire rí, ẹ gba owó yín padà. Ọmọ náà lọ kọ́ òfin ní Oxford, wọ́n bá a ta tẹ́tẹ́ pé kò lè fi kọ́bọ̀ díẹ̀ dé Paris. Ààbọ̀ páìǹtì bíà lohun tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ ọ̀hún. Ó lọ, ó sì jẹ ẹ́! Ọmọ tèmi, bí mo bá rán an dé Bódìjà, owó ọkọ̀ àlọ nìkan kì í tó o.

Ogun Hitler wá dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kọkànlá ọdún 1940, wọ́n yin ìbọn lu bàálù rẹ̀ lókè Cologne, ihò ńlá là, iná sọ nínú bàálù, ó sì gbé e délé bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ Constance Binney, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà tó fi ogún ọdún ó lé jù ú lọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Ìgbéyàwó náà tú ká.

Nígbà tó di ẹni ọdún 25, wọ́n gbé e sípò tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan ò tíì dé ní ọjọ́ orí yẹn. Ó ní ìjókòó ọ́fíìsì ò bá òun lára mu, kí wọ́n já òun sílẹ̀ nípò, kóun lè padà sókè. Bẹ́ẹ̀, nínú ọgbà wa yìí, wọ́n ń jà nítorí ipò akápò ẹgbẹ́ èsúsú!

Ti Limoges, nílẹ̀ Faransé, ló dùn mọ́ mi jù. Oṣù kejì ọdún 1944, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀ńjìnnì fáwọn Jámánì ni wọ́n ní kí òun àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ fọ́. Àmọ́ àwọn obìnrin Faransé ń ṣiṣẹ́ òru nínú rẹ̀. Kí ni Cheshire ṣe? Ó gbé bàálù ńlá wálẹ̀, ó fò kọjá lórí òrùlé wọn, ó yípo, ó tún kọjá, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, káwọn obìnrin lè gbọ́, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n sá jáde tán ni bọ́ǹbù tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tóun ti ìbọn tó lè máa dúró dè é nílẹ̀!

Oyè Victoria Cross tí wọ́n fún un kì í ṣe ti ìjà ẹyọ kan bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù; ti ọdún mẹ́rin ni, ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó wà nínú bàálù àwọn Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Nagasaki, nílẹ̀ Japan; ọ̀nà jíjìn ló ti rí èéfín rẹ̀. Wọ́n ní Nagasaki ló yí i lọ́kàn padà. Èmi ò gbà. Arthur Dykes ni mo dì mú.

Lọ́dún 1948, jẹjẹrẹ ń pa Dykes lọ, ilé ìwòsàn ò lè gbà á mọ́, kò sì ní ibi tí yóò lọ. Cheshire gbé e wá sí Le Court, ilé ràgàjì tó kù sí i lọ́wọ́ nínú ètò àjùmọ̀gbé tó dàrú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Dykes kú lọ́dún náà, àmọ́ aláìsàn mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn. Bí ilé kan ṣe di púpọ̀ nìyẹn, tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ó fẹ́ Sue Ryder ní Bombay lọ́dún 1959. Aláàánú bíi tirẹ̀ ni, ó ti ń tọ́jú àwọn tí ogun bà jẹ́. Wọ́n fi obìnrin náà joyè Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù lọ́dún 1979. Ọkọ ò débẹ̀ títí di 1991, ọdún kan péré kó tó kú. Ẹ ò rí i? Ìyàwó ti jókòó fún ọdún méjìlá kí ọkọ tó wọlé. Bàbá Ìbejì, ẹ má wojú mi, mi ò dárúkọ ẹnì kankan.