Bàtà Òkìríkà Sọ Mí Di Ẹni Àdúrà Lórí Òkè Adó-Àwáyè

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìdí tí mo fi lọ, nítorí ìdí náà kò níyì. Àbúrò mi obìnrin gbé fọ́tò ara rẹ̀ sórí Wasáàpù ẹbí, ó dúró létí adágún Ìyàkẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn àgbà ilé sì ń kí i kú oríire. Mo ní, bí ẹni tó ń sá fún aláǹgbá bá lè gun òkè yẹn, kí ló fẹ́ dá èmi dúró? Òkè tí mo ti gùn rí kò ju Olúmọ lọ, ẹ̀rọ agbéniròkè ló sì gbé mi dé orí Olúmọ.

Mo lọ ra bàtà. Kì í ṣe bàtà lásán o. Bàtà àwọn òyìnbó tó ń gun òkè ni, òkìríkà tó mọ́ tónítóní, awọ rẹ̀ ń dán, okùn rẹ̀ pupa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní eyín gàǹgà-gàǹgà. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé ẹni tó ni ín lókè òkun kò wọ̀ ọ́ rí. Òótọ́ ló sọ, inú òótọ́ yẹn gan-an ni wàhálà mi sì wà, ẹ ó rí i níwájú. Ṣòkòtò alápò púpọ̀ tí mo wọ̀ lé e, mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi sanra jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì wà, kí ló kù?

Adó-Àwáyè kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n mọ sára òkè náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi gòkè, sílípáàsì ló wọ̀, ọ̀kan ti já, ó sì fi wáyà so ó. Ó wo ẹsẹ̀ mi títí.

“Bọ̀dá, ẹ ò ní kánfáàsì?”

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé bàtà òkè lèyí, pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní, “Ó dáa, sà.” Mo ti wá mọ ìtumọ̀ irú “ó dáa, sà” yẹn báyìí.

Ojú àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: bàtà ọ̀tún ń dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo rò pé òkúta wẹẹrẹ ló ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Inú mi tilẹ̀ dùn. Bàtà tó ń fọ́ òkúta!

Òkè náà dára o, mi ò ní torí ìtìjú tèmi bà á lórúkọ jẹ́. Òkúta Ìṣàgẹ̀ dúró ṣánṣán lórí àpáta, ibi tó fi fara kan ohun tó gbé e dúró kò tó nǹkan. Àwọn ará ìlú gbà pé òun ni wọ́n ń ké sí bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀. Adágún Ìyàkẹ fúnra rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, koríko yí i ká, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin mi kìlọ̀ fún mi kí n má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àpáta líle ni òkè náà, omi kì í gba inú rẹ̀ jò. Ibi tí ojú àpáta bá ti jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di kòtò, òjò á rọ̀ sí i, omi ò sì ní rí ọ̀nà sá lọ. Bí omi ṣe ń jókòó sórí òkè nìyẹn. Ẹ ó máa gbọ́ pé méjì péré ni irú adágún yìí ní gbogbo ayé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Èmi ò gbà. Ti Colorado, omi tó ń ṣàn ló ń to ẹfun inú ara rẹ̀ jọ títí tó fi di odi tó gbá omi náà mú. Tiwọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá. Ìyàkẹ ò nílò ìkejì ní Amẹ́ríkà kó tó níyì.

Ohun tó wá bí mi nínú, tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni ọ̀rá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà níhìn-ín, ọ̀rá bisikíìtì lọ́hùn-ún, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú koríko. Ẹnì kan tilẹ̀ ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sára àpáta. Ta ló gbé garawa ọ̀dà gun àtẹ̀gùn 369 nítorí obìnrin? Tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó lọ kọ ọ́ sára ilé bàbá rẹ̀! Mo ń bú wọn lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo sì fi ìbínú ta ọ̀rá kan nípàá.

Ọ̀rá náà ò kúrò níbi tó wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ló fò. Odindi rẹ̀, teyín-teyín, ló gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, a sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń balẹ̀ níbì kan, tó tún ń balẹ̀ níbòmíràn. Èmi tí mo ń bá àwọn oníìdọ̀tí jà!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo ti wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú bàtà yìí, eyín tó wà nísàlẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ awọ tààrà. Fóòmù kan wà láàárín méjèèjì, polyurethane ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú kí bàtà rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀tá fóòmù yìí ni ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa wọ inú rẹ̀ lọ, á máa tú ohun tó so ó pọ̀, láìjẹ́ pé ojú rí i. Bàtà tí kò kúrò nínú páálí fún ọdún púpọ̀ lè dà bí tuntun lójú, kí inú rẹ̀ sì ti di ẹ̀kúnná. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá wọ̀ ọ́ ni yóò fọ́. Gúgúrú tí mo ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ rí i pé ọkùnrin tó tà á kò parọ́: ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí lóòótọ́.

Tòsì náà ti ń la ẹnu. Ọ̀dọ́mọkùnrin mi bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó ní kí n wọ̀ ọ́. Mo kọ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, kí n gba sílípáàsì oníwáyà lọ́wọ́ ọmọdé? Mo bọ́ bẹ́líìtì mi, mo fi wé bàtà òsì yípo, mo so ó le dandan. Ẹni tó ń fọkàn bá ìtàn yìí lọ ti rí ohun tó ń bọ̀. Èmi ò rí i.

Ibì kan wà lórí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Ọ̀nà tóóró ni, àpáta ní ẹ̀gbẹ́ kan, òfúrufú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń di àpáta mú níbẹ̀. Mo ti dé àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí awọ lásán, ẹsẹ̀ òsì nínú bàtà tí mo dì bí ẹrù, nígbà tí mo mọ̀ ọ́n lára pé ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀. Ó kúrò ní ìbàdí. Mo fẹ ikùn, ó dúró díẹ̀. Mo mí, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ kan fà á, ọ̀run ni. Bí mi ò bá fà á, ayé ni, ojú ayé sì burú.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ orin. Àwọn èèyàn ń gun òkè yẹn láti gbàdúrà, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé ìyá ìjọ aláṣọ funfun bíi mélòó kan, tàgogo-tàgogo, ni yóò yọ lẹ́yìn àpáta lákòókò tí ṣòkòtò mi dé orúnkún. Orin dúró. Agogo dúró.

“Ọmọ mi,” ìyá tó ṣíwájú bi mí, “ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Bàtà ni, mà.”

“Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn.”

Kí n tó wí nǹkan míràn, wọ́n ti dá agogo sílẹ̀. Wọ́n bá ẹ̀mí tó ń bọ́ ọmọlọ́mọ síhòòhò ní gbangba wí. Wọ́n bá ti ìdílé bàbá mi wí, wọ́n bá ti ìdílé ìyá mi wí. Ibi tí wọ́n ti ní kí n ṣe “àmín” sókè, mo ṣe é, nítorí mi ò lè sá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ kó jẹ́rìí pé orí mi pé, ó ti dojú kọ àpáta, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọwọ́ ìyá náà ló gbà mí níkẹyìn. Ó fa ṣòkòtò mi sókè bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé, ó tú àmùrè tirẹ̀, ó sì dì í mọ́ mi nídìí. Ó ní kí n má tú u di ọjọ́ keje. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nígbà tí mo dé ibi tó gbà mí.

Mo wọ sílípáàsì oníwáyà sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí àpáta tó ti gbóná, ó sì tún ń dúró dè mí.

Ẹ lọ sí Adó-Àwáyè, ó tó rí. Ẹ tètè gòkè kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ kánfáàsì. Bó bá jẹ́ òkìríkà tó ní fóòmù lẹ fẹ́ wọ̀ dandan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó, bí ó bá ń rún bí ẹ̀kúnná, ẹ dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sì kó ọ̀rá yín sọ̀ kalẹ̀. Ìdọ̀tí tèmi nìkan ti tó fún òkè náà.