Oríkì Ìgbìmọ̀ Olùwádìí ní Texas

Àyàn, fi ìlù sí i! Ẹni tí a fẹ́ kì lónìí kì í ṣe ọba, kò ṣígun rí, kò sì pa ẹkùn rí. Ìgbìmọ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni Greg Abbott, gómìnà ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kó lọ wádìí ìdí tí olùkọ́ fi ń sá kúrò ní ilé-ìwé ìjọba bí ẹni tí agbọ́n ń lé.

Ìgbìmọ̀ o!
Ọmọ Tábìlì Gígùn, ọmọ Àga Yíyí.
Ilé ń jó, o ní ká kọ́kọ́ wọn bí èéfín ṣe ga tó.
Òjò ń rọ̀, o kọ lẹ́tà sí ojú ọ̀run,
o fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí òrùlé tó ń jò.
A-wá-ohun-àpò-ṣòkòtò-lọ-sí-Sókótó,
tó dé Sókótó tán,
tó ní àpò ṣòkòtò àwọn ará ibẹ̀ lòun fẹ́ yẹ̀ wò.

Mo kí ọ, ọlọ́gbọ́n tó mọ bí a ti í pe ènìyàn jọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ jáde, ènìyàn 28 ni wọ́n. Àwọn ọ̀gá tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ńkọ́? Wọ́n pé. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti jókòó pẹ̀sẹ̀. Olùkọ́ tó ń di ṣọ́ọ̀kì mú ńkọ́? Méjì péré.

Ògbóǹtarìgì!
A-pe-ìpàdé-ẹja-kó-pe-ológbò-mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
A-bi-ọ̀bẹ-léèrè-ohun-tó-ń-dun-iṣu.

Ariwo ta. Gómìnà alára ní kí wọ́n wá olùkọ́ kún un. Wọ́n kún un títí àwọn olùkọ́ fi kó ìdajì ìgbìmọ̀, tí olùkọ́ kan láti Dallas sì di alága. Ó kúkú dára: ológbò mélòó kan sún, ẹja ráyè sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ jáde. Gbogbo ayé dákẹ́, a fẹ́ gbọ́ awo. Awo ní kí wọ́n fi kún owó oṣù olùkọ́. Awo ní kí wọ́n kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó tì í sínú kíláàsì. Awo ní iṣẹ́ tí wọ́n ń dì ru olùkọ́ ti pọ̀ jù.

Awo rere!
Babaláwo tó difá fún ẹlẹ́bi,
tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ fún bí ọdún kan,
tó ní ebi ló ń pa á.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn. Òtítọ́ ni Ìgbìmọ̀ sọ níkẹyìn. Oríkì tó kù, ilé aṣòfin Texas tó wà ní Austin ló ni ín. Lọ́dún 2023 yẹn gan-an, owó tó ṣẹ́ kù sápò ìjọba Texas tó bílíọ̀nù 32.7 dọ́là. Àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n dìde, gómìnà tún pè wọ́n padà fún àkànṣe ìjókòó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìjà tí wọ́n wá ń jà níkẹyìn ni bóyá kí ìjọba máa fún òbí lówó tí yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣojú kan láti ìgbèríko kẹ̀yìn sí gómìnà, wọ́n gé ètò owó òbí yìí kúrò nínú àbádòfin. Owó olùkọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn sì bá a rì.

Ilé Aṣòfin o!
A-jẹyán-mọ́jú-má-bù-fún-agúnyán.
A-gba-ìwé-ìwádìí-fi-ṣe-ìrọ̀rí.
Orun dídùn ni tìrẹ.

Bí wọ́n ṣe ń sùn, ayé ò dúró. Àwọn ìlú kékeré kan sọ ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé di ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n lè fi rí olùkọ́ fà mọ́ra. Nínú àwọn olùkọ́ tuntun tí wọ́n gbà ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́.

Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni gómìnà tó fọwọ́ sí òfin tó kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.5 dọ́là fún ilé-ìwé ìjọba. Olùkọ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin gba àfikún 2,500 dọ́là lọ́dún. Ẹni tó ti lo márùn-ún sókè gba 5,000. Tàwọn àgbègbè kékeré tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Àfikún yìí kò kàn án. Ọdún mẹ́ta lé oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fi rin ìrìn àjò láti ẹnu gómìnà dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, tí ọmọ yín ń jókòó nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ní àwọn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ olùkọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka iye olùkọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí owó yóò jáde. Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, ẹ ní kí onílù gbé ìlù rẹ̀ kọ́.