Ìta Ni Mo Wọ̀n

Ẹja á jẹun, á yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà á di amóníà, amóníà á sì yí padà pa ẹja tó yà á. Ohun tó ń gba ẹja inú gíláàsì là ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fara mọ́ fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń sọ amóníà di nǹkan tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù yìí lè ríbi gbé làwọn tó mọ̀ nípa ẹja ṣe ń lo sọ́ǹpù: táǹkì kejì tó wà lábẹ́ tàkọ́kọ́, tí omi òkè ń gba inú páìpù ṣàn sínú rẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ń pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá. Pọ́ǹpù tó wà ní yàrá ìkẹyìn ló ń ti omi padà sókè.

Wọ́n ń tà á ní ṣíṣe o. Mo gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣebí gíláàsì àti gọ́ọ̀mù náà ni.

Mo ní táǹkì àtijọ́ kan nílé tí mo fẹ́ sọ di sọ́ǹpù, 60 sẹ̀ńtímítà ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 30 ní gíga. Mo fa tépù láti etí dé etí, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó Bódìjà. Mo ní kí wọ́n gé gíláàsì mẹ́rin tí màá fi pín inú rẹ̀ fún mi, 30 ní fífẹ̀, 20 ní gíga.

Bàbá wò mí. “Àbúrò, ṣé inú lo wọ̀n àbí ìta?”

“Bàbá, ìwọ̀n kan náà ni.”

Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ti ẹnu irin ìgégíláàsì bọ kẹrosíìnì, wọ́n gbé rúlà lé e, wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo tó dún ṣẹ̀rẹ̀ẹ̀. Wọ́n kan abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó sì là pá, ó mọ́ tónítóní. Mo sanwó, mo fi ìwé ìròyìn wé ẹrù mi.

Ògiri táǹkì nípọn ní mìlímítà 5 lápá ọ̀tún, 5 lápá òsì. Inú rẹ̀ kò ju 29 lọ. Ẹ kò tíì rí ẹni tó ń bá táǹkì jà rí bí ẹ kò bá rí mi lọ́jọ́ náà. Mo padà sí Bódìjà, Bàbá fi píláyà já sẹ̀ńtímítà kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ìbá já a jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àyè gọ́ọ̀mù. Mo ní rárá, 29 ni mo fẹ́, kó le dáadáa.

Ó le. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó wà ní igun táǹkì kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ó há síbi tó há sí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó fọ́. Ìgbà tí mo tún dé ọ̀dọ̀ Bàbá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi bó mìlímítà 6 péré lára àwọn tó kù. Wọ́n ní gíláàsì kì í ṣe iṣu tí èèyàn ń họ èèpo rẹ̀; ẹ̀là tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀ lé ìlà, ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Bí wọ́n ṣe gé tuntun fún mi nìyẹn, 28 àti mìlímítà 4, kí mìlímítà 3 lè wà lápá kọ̀ọ̀kan fún gọ́ọ̀mù. Àwìn ni mo rà á.

Ti gọ́ọ̀mù ló wá kàn. Sílíkóònù tí mo rà ń rùn, ìyàwó mi ké láti yàrá pé, “Bàbá Tóbi, ta ló ń ṣe sàláàdì ní pálọ̀?” Òórùn yẹn kò burú, ásíìdì kíkan inú gọ́ọ̀mù ló ń fẹ́ lọ bó ṣe ń gbẹ. Èyí tó burú ni ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: pé kì í jẹ́ kí ilé ìwẹ̀ hu èéhù. Mo kúkú rí i nígbà tí mo ń rà á, inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n fún mi ní ẹ̀dínwó pẹ̀lú oògùn. Oògùn tó ń pa èéhù kì í béèrè bóyá ẹja ni òun bá. Ìgbà tó gbẹ tán ni ẹnìkan là mí lóye, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú dáadáa lórí èyí tó ti gbẹ. Rẹ́sà ni mo fi ń fá a.

Nínú gíláàsì mẹ́rin yẹn, mẹ́ta ló ń pa afẹ́fẹ́ kéékèèké tó ń hó nínú omi: omi á gba orí tàkọ́kọ́, á gba abẹ́ tàárín, á tún gba orí tìkẹyìn. Gíláàsì àárín kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Mo fi páálí ìṣáná méjì gbé e ró títí tí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Gọ́ọ̀mù ṣàn dé ìdí wọn, àwọn náà sì gbẹ síbẹ̀, pẹ̀lú ìṣáná nínú. Mo fi ọ̀bẹ wa wọ́n jáde.

Pọ́ǹpù ṣì wà nínú páálí lórí wọ́ọ́dúróòbù ní gbogbo àkókò yìí. N kò wọ̀n ọ́n. Àyè tí mo fi sílẹ̀ fún un kò gbà á ní ìbú, kò gbà á ní òró. Rẹ́sà tún dé. Bí mo ṣe ṣí ìkẹyìn nípò, dandan ni kí n ṣí àwọn tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí omi wá ń lọ tó ń bọ̀, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní ó dára. Ó ní, “Bí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?”

Mo ní pọ́ǹpù á dúró, omi á dúró.

Wọ́n mú iná lọ lóru, pọ́ǹpù dúró, omi kò dúró. Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sókè ni mo rì sínú omi ní sẹ̀ńtímítà 10, bí agbára pọ́ǹpù sì ṣe lọ tán, páìpù yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi òkè wá sísàlẹ̀. Táǹkì òkè gùn ní 90, ó fẹ̀ ní 40, nítorí náà sẹ̀ńtímítà kan omi níbẹ̀ tó nǹkan bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ sọ ọ́ di 10, ó di nǹkan bíi lítà 35. Sọ́ǹpù tí omi ti dé 20 nínú 30 kò lè gbà ju nǹkan bíi lítà 17 sí i. Ìyókù wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tí mo ń wá tọ́ọ̀ṣì.

Mo ti gbé ẹnu páìpù sókè báyìí, mo lu ihò kékeré kan sí i lára níbi tí omi pin sí, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé já a. Mo sì lẹ tépù pupa mọ́ ara sọ́ǹpù. Omi kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí Bàbá onígíláàsì wá gba owó wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yẹ iṣẹ́ mi wò. Gíláàsì kan ń jò díẹ̀ ní igun, mo ti rò pé wọn kò ní rí i.

“Ó ń jò,” ni wọ́n wí.

“Bàbá, mo mọ̀.”

“Jẹ́ kó máa jò. Ṣebí inú ara rẹ̀ ló ń jò sí.” Wọ́n dìde, wọ́n wo àwọn ẹja lókè títí. Wọ́n ní bí owó bá ṣòro, àwọn lè gba èyí tó tóbi jù yẹn dípò gbèsè. Kí n tó yanu, ìyàwó mi ti lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.