Phemzy, Ará Lẹkki Tí Ń Gbé Ìkìrun

Lórí TikTok, Lẹkki ni Phemzy ń gbé. Ìkìrun ni ilé bàbá rẹ̀ wà o, ní àdúgbò tí ewúrẹ́ ti ń sùn sójú títì láìbẹ̀rù ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tó kọ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀gá iléeṣẹ́ ni, pé Lẹkki ló fi ṣe ibùgbé, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà tètè kàn sí òun. Ọjà kan ṣoṣo tó ti polówó láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni mọ́ínmọ́ín ìyá rẹ̀, orí ló sì fi rù ú kiri.

Olúfẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkìrun bọ́ sí Ìnísà, tí ẹ tẹ̀ síwájú dé Òkukù lásìkò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jáde lọ́sàn-án, ẹ ó pàdé irú rẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: Tobzy, Ayoskid, Mojísọ́lá tó ti di Mojisweet. Ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù wọn ti fún débi pé kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ rò ó. Télọ̀ ló ń bá wọn fún un, ó sì ń gbowó rẹ̀. Télọ̀ yìí kan náà ló ń sọ fún àwọn òbí wọn lọ́jọ́ Sátidé pé ọmọ ìwòyí ò níwà.

Ọjọ́ orí Phemzy tó mẹ́ta. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún 16 ni. Bí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ògo wẹẹrẹ bá dé, ó di ọmọ ọdún 13. Lórí TikTok, ó ti pé 27, torí láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni TikTok ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ṣe láìfù. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń yin ìjọba Ọsirélíà, pé wọ́n ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì lórí TikTok, Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin ọ̀hún bá dé Ìkìrun lọ́la, kò ní bá Phemzy nílé. Láti kíláàsì JSS 1 ló ti di géńdé lórí fóònù.

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gba fóònù láyè. Láàárọ̀, bí wọ́n bá tò fún àdúrà, igbákejì ọ̀gá a máa yẹ àpò àti ìbọ̀sẹ̀ wọn wò, ṣùgbọ́n kò tíì rí ti Phemzy mú rí. Ìyá oníbọ́ńsì tó ń tajà lójúkojú géètì ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí onígíláàsì rẹ̀, lábẹ́ bébà tí bọ́ńsì wà lórí rẹ̀, fóònù rẹpẹtẹ ló tò síbẹ̀, tí òróró ti ń dán lára gbogbo wọn. Ìtọ́jú náà lówó, àfi ẹni tó bá ra bọ́ńsì méjì, ìyẹn di ọ̀fẹ́. Bí ọ̀kan bá dún, ìyá á nuwọ́ sí ìró, á gbé e sétí: “Ó wà ní kíláàsì o. Ẹ pè é bí wọ́n bá jáde.” Ọmọbìnrin kan tí Phemzy ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní Abẹ́òkúta gbà pé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé fóònù yẹn, ó sì fi ìbínú bá tirẹ̀ lọ.

Igbákejì ọ̀gá tó ń gba fóònù yìí náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá wù ú, á to àwọn ọmọ kéékèèké síwájú pátákó, á ní kí wọ́n jó, òun náà á sì bọ́ sáàárín. Ìṣirò tó wà lójú pátákó lẹ́yìn wọn kò ní tíì ní ìdáhùn. Bó bá gbé ijó náà sórí TikTok, àwọn òbí á máa wò ó nílé, wọ́n ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé tísà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

Ká má sì gbàgbé pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ olójú dídán lé àwọn ọmọ Ọ̀ṣun lọ́wọ́ rí. Ní ọdún 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Phemzy gba ọ̀kan. Ó ṣì wà nínú ilé, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ Bíbélì. Ohun rere ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àmọ́ ohun kan ni kò sí nínú rẹ̀: kò sí ẹni tó ń wo ẹni tó ń kà á. O lè ka ìwé tán lórí Ọpọ́n Ìmọ̀ láti òru mọ́jú, ẹnikẹ́ni ò ní pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn sì ni Phemzy ń wá. Ìdí nìyẹn tó fi lọ fẹ̀yìn ti jíìpù dúdú kan tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní Ìkìrun, ó wọ jígí Tobzy, ó ká apá láyà, Ayoskid ń fi fóònù ká a. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mi ò ní là,” bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, “ẹ̀yin dà?” Alágbàdá kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi igi tayín.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ni mọ́tò yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, sà.” Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Jígí Tobzy fò lọ sínú gọ́tà.

“Kí lẹ ń fi ṣe?”

“Kọ́ńtẹ́ǹtì ni, sà. Ẹ má bínú, sà. A máa pa á rẹ́, sà.”

“Ṣé ó ká èmi náà?”

“Ó ká yín, sà.”

“Ta wá ló ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́? Dìde.” Alágbàdá náà tún fìlà rẹ̀ gẹ̀, ó fa ikùn wọlé, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. “Ẹ bọ́ sí apá ibí yìí kẹ́ ẹ ká a. Ṣé nọ́ńbà rẹ̀ hàn? Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn.”

Phemzy gbé fọ́nrán náà jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọ ọ́ sí i pé: “Èmi àti Dádì mi.” Àwọn èèyàn wò ó ju gbogbo èyí tó ti ń gbé jáde tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá tó bí i wà lára wọn.

Alẹ́ ló máa ń ṣe láìfù, lábẹ́ iná gílóòbù oní-POS tó wà níwájú ilé wọn, torí iná tiwọn kò dá a lójú. Lọ́jọ́ kan, ó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn mẹ́sàn-án tó ń wò ó bí èèyàn ṣe ń di olówó ní kékeré, ni ohùn kan bá là á láti inú ilé: “Fẹ́mi! Abọ́ tó o jẹun sí ńkọ́? Ṣé èmi ni n ó fọ̀ ọ́ ni?” Phemzy rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má dá a lóhùn, pé ìyá tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ ilé ni. Kò mọ̀ pé ìyá ti dúró sẹ́yìn òun. Àwọn tó wà lórí láìfù ní ìró tó tẹ̀lé e, àwọn rò pé ìbọn ni.

Ẹni tó gba tirẹ̀ jù ni ìyá bàbá rẹ̀ tó wà ní Òkukù. Ìgbà tó bá lọ kí màmá, wọn kì í bi í léèrè ipò tó ṣe ní kíláàsì. Kó tó sọ báàgì kalẹ̀, wọ́n á ti pè é ní Àjàní, wọ́n á ti gbé oríkì ilé wọn lójú kan, wọ́n á máa sọ ọ́ bọ̀ látọ̀dọ̀ baba ńlá tí kò rí sójú rí. Ẹ ò lè rí Phemzy nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ á wú, á dúró gbọin, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé ijó. Wọ́n ní kó lọ pọnmi, á sáré lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lọgun mọ́ lójoojúmọ́ ní Ìkìrun!

Ó pinnu pé òun máa gbé e sórí TikTok. Ó gbé fóònù sí iwájú màmá, ó bẹ̀ wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi gé e kúrú. Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ.”

Màmá wò ó. “Èwo ni kí n yọ nínú àwọn bàbá rẹ?”

Ó padà gé e fúnra rẹ̀, ó fi ìlù amapiano sábẹ́ rẹ̀. Ibi tó gé e sí, orúkọ baba ńlá kan ló dá sí méjì.

Òkukù yìí kan náà ni òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, wá gbé láti ọdún 1974 sí 1977, tó ń fetí sí oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, tó sì fi kọ ìwé kan tó jáde ní 1991. Ohun tó tọ́ka sí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ẹni ńlá kì í dá ara rẹ̀ sọ di ńlá, àwọn tó yí i ká àti ẹnu tó ń kì í ló ń gbé e ró. Èyí ló fi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá gbọ́ pé TikTok ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní àṣehàn. Ta ló ń ná owó ní òde ìnáwó kí onífídíò tó tan iná? Ta ló ń fi ọwọ́ pe onílù kó wá sọ́dọ̀ òun, lẹ́yìn náà tó wá ń ṣe bíi pé onílù ló dédé yọ sí òun? Phemzy kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ó rí ibi tí àwọn bàbá rẹ̀ kọjú sí, ó sáré gba iwájú wọn. Àmọ́ ẹni tí yóò bá kì ọ́ ní Òkukù gbọ́dọ̀ mọ ilé tí o ti jáde, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìdílé rẹ ṣe àti ohun tí wọ́n sá fún. TikTok kò bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Kó o ṣáà ti ní dátà.

Dátà ọ̀hún wá di wàhálà. Láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà, Phemzy ti di ọmọlúwàbí. Ẹ wá wo ìkíni lẹ́nu ọmọ: “Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ara ńkọ́, mà? Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé hotspot yín wà ní títàn?” Aṣerunlóge tó wà ní ìkọjá ilé wọn ní ẹni tó tọ́ ọmọ yìí ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ó máa ń gba Òkukù lọ torí nǹkan mìíràn náà. Ọgbà UNIOSUN wà níbẹ̀, Phemzy a sì máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì wọn, pẹ̀lú ìwé tó há sí abíyá, á ní ìdánwò ti le jù fún àwọn tó wà ní ọdún kẹta bíi tòun. Kò tíì jókòó ṣe WAEC nígbà yẹn.

Nígbà tí WAEC ọ̀hún sì dé ní 2025, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí wọ́n ń ta ìdáhùn lóru. Ó sanwó. Agogo méjì òru ni wọ́n fi í ránṣẹ́, ó há a sórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé WAEC ti yí ọwọ́ padà lọ́dún yẹn: nínú ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, ìbéèrè tó wà níwájú ẹni kan kọ́ ló wà níwájú ẹni tó jókòó tì í. Phemzy dáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn láti orí dé ìdí. Èyí kò ní kó má ṣe ayẹyẹ ọjọ́ tí wọ́n parí. Wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn títí kò fi síbi tó kù, wọ́n da páúdà síra wọn lórí, Mojisweet sunkún fún fídíò kan, ó nu ojú, ó tún sunkún fún òmíràn torí èkíní kò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Èsì jáde ní oṣù Kẹjọ. WAEC kọ́kọ́ ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ló yege ẹ̀kọ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Kò pẹ́, wọ́n ní àṣìṣe ti wọ̀ ọ́, wọ́n tì í pa, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Láàárín ọjọ́ tó fi wà ní títì yẹn, kò sẹ́ni tó gbayì tó Phemzy ní àdúgbò. Ó ṣe fídíò tó fi bá WAEC wí, ó ní wọ́n ti fi ìyà jẹ ọmọ tálákà. Bàbá rẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́ níbi tó ti ń ta bùlọ́ọ̀kù pé Ọlọ́run ò ní gbà fún wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ìyàtọ̀ ti dé bá èsì àwọn ẹlòmíràn. Ti Phemzy kò mira. Ó kọ ọ́ sórí status rẹ̀ pé òun ń sinmi díẹ̀ nídìí ayélujára kí ọpọlọ òun lè balẹ̀. Ìsinmi náà kò pé wákàtí 24 tí status fi ń kú.

Bàbá rẹ̀ kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ gidi nípa bí fóònù ṣe ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́, bí àwọn ọmọ kò ṣe kàwé mọ́ torí bí ayé yóò ṣe máa wò wọ́n ni wọ́n ń wá kiri. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ẹgbẹ́ àwọn onílé, ó tún gbé e sórí status tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọjú sí yàrá.

“Fẹ́mi, o ò tíì sùn? Wá bá mi wo nǹkan yìí. Ibo ni wọ́n ti ń mọ iye èèyàn tó ti rí i?”