Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Nínú Odò Kwalkwalawa

Irọ́ tí mo pa kò ju gbólóhùn kan lọ. Àwa àgùnbánirọ̀ mẹ́fà la jókòó níwájú máì ṣáyì kan ní Wamakko, ní Sókótó, à ń wá bí a ó ṣe rówó ra bẹ́ǹṣì fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ẹnì kan dárúkọ Akinrodoye Samuel, tó lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland l'Ékòó, kìlómítà 11.8, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2024, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ. Ó ní kí àwa náà wẹ odò Kwalkwalawa, nítòsí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo. Bó bá rẹ ọ̀kan, kí èkejì gbà á. Máì ṣáyì ní òun á san ₦200 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a bá lò nínú omi.

Ni gbogbo wọn bá wò mí. "Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́, o mọ̀ ọ́n wẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Inú omi ni wọ́n bí mi sí."

Màmá mi kì í jẹ́ kí omi ọ̀sà kọjá kókósẹ̀ mi. Nínú gbogbo ohun tó ń gbé inú ọ̀sà, ẹja nìkan ni mo mọ̀, òun náà, tí wọ́n bá ti dín in tán.

Mo wo fídíò. Mo dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fẹsẹ̀ gbá tìmùtìmù. Mo kà pé Captain Matthew Webb, ẹni àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ láti England dé ilẹ̀ Faransé láì dì mọ́ nǹkan kan, ní 1875, fi ọ̀rá ẹran inú òkun para nítorí òtútù. Ọgbọ́n dé. Mo lọ ra òrí odidi ọpọ́n kan.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ooru nìkan ni Sókótó mọ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ mú débi pé àwọn olóko àlùbọ́sà etí odò wé láwàní bo imú, ojú wọn nìkan ló yọ síta. Ṣòkòtò péńpé ni tèmi, kò tilẹ̀ ní àpò tí èèyàn lè bá ohun tó ń wá kiri nínú rẹ̀. Òrí ti dì sí mi lára, mo funfun bí ẹ̀kọ tútù. Apẹja kan gbé akèrègbè ńlá fún mi, irú èyí tí wọ́n ń fàyà lé nígbà ọdún ẹja pípa Argungu. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í gun igbá.

Ó kàn mí, mo bẹ́. Omi gbá mi láyà, èémí dá, gbogbo ẹ̀kọ́ orí bẹ́ẹ̀dì fò lọ. Mo rì, mo yọ, mo ké pe màmá mi. Ẹni méjì gbá mi lápá mú; òrí yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, mo tún já bọ́ bí ẹja àrọ̀. Apẹja yẹn náà ló ju akèrègbè rẹ̀ sí mi. Mo gbá a mọ́yà, omi sì ń gbé wa lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ru àlùbọ́sà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Omi kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ó ní, "Sannu."

Ǹjẹ́ mo dìde? Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn, mò ń fẹsẹ̀ gbá omi, kí àwọn tó wà lókè má baà mọ̀.

Ìṣẹ́jú 34 ni mo lò. Kò sí ẹlòmíì tó lò tó 10. Mo na ọwọ́ sí máì ṣáyì fún ₦6,800. Ó ní, "Kọ́pà, mo rí ẹ. O kúnlẹ̀ fún ìdajì." Ó ka ₦3,400, ó sì yọ owó ife tíì mẹ́rin tí mo fi lé òtútù kúrò nínú rẹ̀.