Ọkọ̀ Òfurufú Tó Dé Kó Tó Gbéra

Láti Auckland ní New Zealand dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 10,500 kìlómítà, orí Òkun Pàsífíìkì sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Ọkọ̀ òfurufú sábà máa ń fi bíi wákàtí 12 fò ó. Aago nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà tí ayé fi pààlà ọjọ́ la àárín òkun náà kọjá. Nítorí náà, ní oṣù Keje, Auckland fi wákàtí 19 ṣáájú Los Angeles. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò balẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ti Auckland, èyí tí í ṣe aago kan ọ̀sán Ẹtì ní Los Angeles. Èrò ti fi wákàtí méje dé kó tó kúrò nílé, ó sì tún lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Gbèsè ni ṣá o. Lápadàbọ̀, afẹ́fẹ́ a máa dojú kọ ọkọ̀, ìrìn a sì di bíi wákàtí 13. Ẹni tó gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ẹtì yóò dé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àbámẹ́ta ti di àwátì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, kó yáa bẹ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ fún kéèkì.